Wọn ò jẹ́ kí n wọ omi ẹlẹ́ẹ̀kejì ní Cozumel, wọn ò sì dá owó mi padà. Kí ni kí n ṣe?

Adéọlá Dallas:
Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Inú ń bí mi débi pé mi ò lè jẹun. Èmi àti àbúrò mi wá sí Cozumel ní Mẹ́síkò fún ọjọ́ ìbí rẹ̀. Láti ilé la ti sanwó fún àwọn tó ń kó èèyàn lọ wo abẹ́ òkun, owó gidi. Wọ́n ní ẹ̀ẹ̀mejì la máa wọ omi, Palancar lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà ibì kan tí kò jìn. Ọkọ̀ pẹ́ kó tó dé. Ìbọ̀wọ́ tí mo rà tuntun, wọ́n ní kí n bọ́ ọ, pé òfin kò gbà á níbẹ̀, kí èèyàn má baà máa fọwọ́ kan iyùn tó ń hù lábẹ́ òkun. Mo gbà. Oúnjẹ tí wọ́n ṣèlérí, búrẹ́dì àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó ni. Mo tún gbà. Àfi bá a ṣe jáde nínú omi àkọ́kọ́ tí ọmọkùnrin tó ń ṣamọ̀nà wa, ọmọ tí mo lè bí, bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi wí lójú gbogbo èèyàn! Ó ní mi ò ní wọ omi mọ́. Mo ní kí wọ́n dá ìdajì owó mi padà, wọ́n ní rárá, ó wà nínú ìwé tí mo fọwọ́ sí. Ṣé báńkì lè bá mi gbà á? Ẹ tètè dáhùn, ọ̀la la ń padà.

Bàbá Ìbejì:
Ẹ pe nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì yín, ẹ ní ohun tẹ́ ẹ sanwó fún kọ́ ni wọ́n fún yín. Ẹ ya fọ́tò ìwé tẹ́ ẹ fọwọ́ sí. Èmi náà jẹ irú ìyà yìí ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Cancún, wọ́n gbé wa sí yàrá tó kọjú sí ibi tí wọ́n ń da ilẹ̀ sí. Ìyàwó mi bínú títí a fi délé.

Ìyá Rónkẹ́ Peckham:
Kí lẹ ń wá lábẹ́ òkun gan-an? Ṣé ẹja ti tán lọ́jà ni?

Ṣèyí Miami:
Màmá, kì í ṣe ẹja jíjẹ o. Òkìtì iyùn ibẹ̀ wà lára èyí tó gùn ṣìkejì láyé, ti Ọsirélíà nìkan ló gùn jù ú lọ. Ẹgbẹ́ àwa aláwọ̀ dúdú tó ń wọ omi ti wà ní Amẹ́ríkà láti 1991. Àǹtí Adéọlá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni ọmọ náà sọ pé ẹ ṣe? Báwo lẹ ṣe jìn tó?

Ìyá Rónkẹ́ Peckham:
Ẹgbẹ́ ẹ̀ kẹ̀? Ó dáa náà.

Adéọlá Dallas:
Bàbá Ìbejì, ẹ ṣé, ẹ̀yin nìkan lẹ dáhùn ohun tí mo bi. Ṣèyí, mo ní káàdì Open Water, èyí tí wọ́n ń fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ìwọmi, adágún kan nítòsí wa ni mo ti gbà á. Ó ní mo yára gòkè. Omi wọ gíláàsì ojú mi, ṣé kí n jókòó síbẹ̀ kí n kú ni? Omi tó lọ́wọ́ọ́wọ́, tó mọ́ débi pé mò ń wo ìdí ọkọ̀ láti ìsàlẹ̀! Ewu wo ló wà níbẹ̀?

Kọ́lá ọmọ Ìlàjẹ:
Àǹtí, ẹ má dá wọn lóhùn. Bàbá mi máa ń rì wọ omi lọ tú àwọ̀n tó há, kò sí táńkì afẹ́fẹ́, kò sí káàdì. Bó bá ṣe wù ú ló ń gòkè. Òyìnbó kàn fẹ́ràn òfin ni.

Ṣèyí Miami:
Ẹ̀gbọ́n Kọ́lá, kì í ṣe ìkan náà. Èémí kan ṣoṣo tí bàbá fà lókè ni wọ́n gbé lọ. Ẹni tó gbé táńkì ń mí afẹ́fẹ́ tí omi ti tẹ̀: tó bá fi máa dé mítà 10, ìtẹ̀ yẹn ti di ìlọ́po méjì tòkè. Náítírójìn tó wà nínú afẹ́fẹ́ yẹn á máa wọ inú ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ara. Tẹ́ ẹ bá rọra gòkè, á bá èémí jáde. Tẹ́ ẹ bá sáré, á hó nínú ara yín. Ìdí nìyẹn tá a fi ń rọra gòkè, bíi mítà 9 ní ìṣẹ́jú kan, tá a tún ń dúró ní mítà 5 fún ìṣẹ́jú mẹ́ta.

Kọ́lá ọmọ Ìlàjẹ:
Ṣé bàbá mi lẹ fẹ́ kọ́ lómi?

Bàbá Ìbejì:
Ẹ jẹ́ ká gbájú mọ́ ọ̀rọ̀ báńkì.

Ṣèyí Miami:
Àǹtí, ara yín ńkọ́? Bàálù aago mélòó?

Adéọlá Dallas:
Ara le. Aago méje àárọ̀. Apá òsì mi ló kàn ń ṣe bí ìgbà téèyàn sùn lé e látọ̀sán, oríkèé èjìká náà ń ro mí díẹ̀. Báàgì tí mo gbé ni. Mo ti lo Paracetamol.

Ṣèyí Miami:
ẸJỌ̀Ọ́, Ẹ MÁ WỌ BÀÁLÙ NÁÀ. Afẹ́fẹ́ inú bàálù lè dà bíi tẹni tó wà lórí òkè tó ga ní mítà 2,400. Ohun tó ń hó nínú ara yín á tún fẹ̀ sí i. Tí ara bá dá ṣáṣá, wákàtí 12 tó lẹ́yìn ìwọmi kan. Ara tó ti ń kú tipiri kì í ṣe ọ̀rọ̀ wákàtí mọ́. Ẹ ní kí hòtẹ́ẹ̀lì gbé yín lọ síbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tó wọ omi. Wọ́n ní yàrá onírin kan tí wọ́n ń fi ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ àti ọ́síjìn wo èèyàn, ó wà ní erékùṣù náà. Ẹ pe DAN náà, ẹgbẹ́ tó ń ran àwọn tó wọ omi lọ́wọ́, tọ̀sán-tòru ni wọ́n ń dáhùn.

Ìyá Rónkẹ́ Peckham:
Ẹ fi àdí pa á kẹ́ ẹ sùn.

Nọ́ọ̀sì Fúnmi:
Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe àdí. Apá òsì lè jẹ́ ti ọkàn náà. Èyí ó wù kó jẹ́, ilé ìwòsàn ni, lálẹ́ yìí.

Adéọlá Dallas:
Ẹ kàn ń dẹ́rù bà mí ni. Iṣẹ́ ń dúró dè mí lọ́jọ́ Ajé, tíkẹ́ẹ̀tì mi ò ṣeé yí. Owó ni mo ní kẹ́ ẹ bá mi dá sí.

Bùkọ́lá:
Èmi ni àbúrò wọn. Wọn ò sọ ti ìjàpá òkun. Ọmọ náà ní ká má kọjá mítà 18, torí ibi tí káàdì wa mọ nìyẹn. Ìjàpá kan gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá, ẹ̀gbọ́n mi gbé kámẹ́rà tẹ̀ lé e lọ sísàlẹ̀. Kọ̀ǹpútà ọwọ́ wọn kọ mítà 33. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ta sókè, wọn ò dúró níbì kankan. Ọmọ náà gbé ọ́síjìn fún wọn nínú ọkọ̀, wọ́n já a kúrò lẹ́nu pé ó ń rùn. Ó tún kọ àdírẹ́sì dókítà sínú ìwé, ó wà nínú báàgì wọn.

Adéọlá Dallas:
Bùkọ́lá, ta ló ní kó o wá sọ ọ̀rọ̀ ilé níta?

Kọ́lá ọmọ Ìlàjẹ:
33 kẹ̀! Àǹtí, ẹ gbéra. Kódà bàbá mi á ní kẹ́ ẹ gbéra.

Bùkọ́lá:
A ti débẹ̀. Dókítà ní kí wọ́n dìde dúró, kí wọ́n di ojú, ẹsẹ̀ wọn ò gbé wọn dáadáa. Wọ́n ti wọ yàrá onírin náà, ó máa tó wákàtí márùn-ún. Wọn ò jẹ́ kí fóònù wọ ibẹ̀ kí iná má baà sọ, ìdí nìyẹn tí wọn ò fi dá yín lóhùn. Ṣé adójútòfò ìlera ibi iṣẹ́ máa san èyí?

Nọ́ọ̀sì Fúnmi:
Wọ́n ṣe dáadáa. Tí dókítà bá ní kẹ́ ẹ padà wá lọ́la, ẹ má jẹ́ kí wọ́n bá a jiyàn.

Ṣèyí Miami:
Ìyẹn wà lọ́wọ́ irú èyí tí wọ́n ní. Ẹ pe wọ́n lálẹ́ yìí, ẹ sọ pé pàjáwìrì ni. Ẹ gba gbogbo rìsíìtì, ẹ ní kí dókítà kọ ìwé ní Gẹ̀ẹ́sì. Ọjọ́ tí wọ́n máa wọ bàálù, dókítà yẹn nìkan ló lè sọ ọ́.

Bùkọ́lá:
Ẹ ṣé gan-an. Tíkẹ́ẹ̀tì aago méje ńkọ́?

Bàbá Ìbejì:
Ẹ pe ilé iṣẹ́ bàálù kó tó di pé bàálù gbéra, ẹ má dúró de ìwé dókítà. Tó bá ti lọ láìsí yín, ẹ̀ ń ra òmíràn nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá ti pè, wọ́n á sọ bẹ́ ẹ ṣe máa fi ìwé náà ránṣẹ́.