Kò lù ú rí, àmọ́ ìró géètì ṣì ń já àyà rẹ̀: báwo ni mo ṣe lè ran àbúrò mi lọ́wọ́?

Olùbéèrè (kò fẹ́ kí orúkọ òun hàn)
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Àbúrò mi obìnrin kúrò nílé ọkọ ní oṣù méje sẹ́yìn, ọ̀dọ̀ mi ló wà ní Ìkòròdú. Ọdún mẹ́sàn-án ló lò níbẹ̀, ọkùnrin náà kò gbé ọwọ́ sókè sí i rí. Ṣùgbọ́n ó lè yàn án lódì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nítorí ọbẹ̀. Ohun tó bá sọ lónìí, á ní òun kò sọ ọ́ tó bá dọ̀la, títí àbúrò mi fi ń bi àwọn ọmọ pé, "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni bàbá yín wí?" Alaalẹ́ ló ń ka owó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ní báyìí, kì í sùn ju wákàtí mẹ́ta lọ, ó sì ń bẹ̀ mí nítorí ohun tí kò ṣẹ̀. Àwọn àgbà ẹbí ní kí ló dé tó ń ṣe bí ẹni tí wọ́n lù, wọ́n sì fẹ́ kí òun àti ọkọ jókòó níwájú àwọn ní Sátidé. Kí ni nǹkan yìí? Ṣé kí n jẹ́ kó lọ?

Nọ́ọ̀sì Yábàá
Ẹ̀gbọ́n, ó dára tí ẹ bèèrè kí Sátidé tó dé. Nínú ìwé àìsàn ti Àjọ Ìlera Àgbáyé, ICD-11, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní 2022, àìsàn kan wà tí wọ́n ń pè ní complex PTSD, nọ́ńbà rẹ̀ ni 6B41. PTSD ni ìpayà tó ń dúró sí ọkàn àti ara lẹ́yìn ohun burúkú tó ṣẹlẹ̀ sí ènìyàn; complex ni èyí tó díjú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Dókítà ló lè sọ bóyá òun ló ń ṣe é, àmọ́ ẹ kíyè sí i. Ṣé ohun àtijọ́ ń padà wá bá a bí ẹni pé ó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́, lójú àlá tàbí lójúmọmọ? Ṣé ó ń sá fún ohun tó lè rán an létí? Ṣé ara rẹ̀ wà lójúfò nígbà gbogbo? PTSD ni ìyẹn títí dé ibẹ̀. Ohun tó jẹ́ kó kọjá bẹ́ẹ̀ ni pé bí inú rẹ̀ bá ti ru, kì í tètè rọlẹ̀, tàbí kó dà bíi pé kò mọ nǹkan kan lára mọ́. Ó gbà pé òun kò wúlò, ó sì ṣòro fún un láti sún mọ́ ẹnikẹ́ni. Kì í ṣe wèrè.

Ẹni tí wọ́n gbá létí mọ ìgbà tí ìyà bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tó parí. Ẹni tí wọ́n yàn lódì kò mọ̀. Ṣe ló ń ṣọ́ ìró ẹsẹ̀, ó ń ṣọ́ bí wọ́n ṣe ti ilẹ̀kùn, ó ń ṣọ́ ojú. Ara rẹ̀ ti fi ọdún mẹ́sàn-án kọ́ iṣẹ́ ìṣọ́ yìí, kò sì tíì mọ̀ pé àwọn ti kó kúrò. Ẹ̀bẹ̀ tó ń bẹ̀ yín, ohun tó fi ń dáàbò bo ara rẹ̀ nìyẹn.

Lọ́yà Ìkẹjà
Ẹ má jẹ́ kó jókòó níwájú ọkùnrin náà. Ọkùnrin á sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, obìnrin á máa gbọ̀n, á máa sunkún, ẹni tí ara rẹ̀ balẹ̀ ni àwọn àgbà máa gbà gbọ́. Ohun tó bá sì tú jáde níbẹ̀, ọkùnrin á fi gbẹ̀san lẹ́yìn ìjókòó. Bí wọ́n bá fi dandan lé e, ẹ̀yin ni kí ẹ lọ. Owó ilé ìwé, ẹrù rẹ̀ àti ìgbà tí àwọn ọmọ á máa rí bàbá wọn ni kí ẹ bá wọn sọ, kó parí síbẹ̀.

Òfin Èkó tí wọ́n ṣe ní 2007 lórí ìwà ipá nínú ilé ka ìyà inú, èébú àti fífi owó nini lára mọ́ ìwà ipá, ènìyàn sì lè gba àṣẹ ààbò nílé ẹjọ́. Òfin VAPP ti ìjọba àpapọ̀, 2015, ìyẹn òfin tó lòdì sí ìwà ipá sí ènìyàn, tó jẹ́ pé Àbújá ló wà fún, náà sọ ìyà inú àti èébú di ẹ̀ṣẹ̀: ẹ̀wọ̀n tí kò ju ọdún kan lọ, tàbí owó ìtanràn tí kò ju ₦200,000 lọ, tàbí méjèèjì. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún yín pé "ṣebí kò lù ú."

Kó ní ìwé kékeré kan: ọjọ́, aago, ọ̀rọ̀ náà gan-an bó ṣe jáde, ẹni tó gbọ́ ọ. Kó má kọ ohun tó rò pé ọkùnrin náà ní lọ́kàn. Ọ̀dọ̀ yín ni kí ìwé náà wà. Ẹ bá a yí páásíwọ̀dù padà, kí ẹ sì yẹ WhatsApp rẹ̀ wò bóyá fóònù mìíràn so mọ́ ọn.

Olùgbaninímọ̀ràn
Nígbà tí ara rẹ̀ bá ń gbọ̀n, ẹ má sọ pé "fara balẹ̀." Ẹ má sì ti ẹ̀yìn fọwọ́ kàn án. Kó fi àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ tútù, kó dárúkọ ohun 5 tó rí, 4 tó lè fọwọ́ kàn, 3 tó gbọ́, 2 tó gbóòórùn, 1 tó tọ́ wò. Lẹ́yìn náà, kó fa èémí sínú títí tí yóò fi ka 4, kó mí jáde títí tí yóò fi ka 6, fún ìṣẹ́jú 5. Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ ni pé ọjọ́ wàhálà nìkan ni wọ́n ń rántí rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni kó máa ṣe é nígbà tí ara tù ú. Ìmí máa ń dẹ́rù ba àwọn kan sí i. Omi tútù lójú àti lọ́rùn ọwọ́ ni kí irú wọn lò. Kí gbogbo ará ilé máa pe fóònù kí wọ́n tó kan géètì.

Ní 1992 ni Judith Herman, dókítà ọpọlọ ní Amẹ́ríkà, kọ ọ́ pé ìwòsàn yìí ní ìpele mẹ́ta: ààbò, lẹ́yìn náà ìrántí àti ọ̀fọ̀, lẹ́yìn náà pípadà sáàárín ènìyàn. Ìpele kejì ni ẹbí máa ń kọ́kọ́ fò sí: "Jókòó, sọ gbogbo ẹ̀!" Ara tí kò tíì ní ààbò á tún jẹ ìyà náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìtọ́jú bíi EMDR (ènìyàn á máa yí ojú lọ sọ́tùn-ún sósì bó ṣe ń rántí) tàbí trauma-focused CBT (ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ tó ń tún èrò àti ìṣe ṣe lórí ohun tó ṣẹlẹ̀) wà fún ìrántí. Ìlànà NICE, àjọ tó ń gbé ìlànà ìtọ́jú jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti 2018, fi CBT yìí sí ìjókòó 8 sí 12, ó sì máa ń pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ fún ẹni tí ìyà rẹ̀ pẹ́. Ilé ìwòsàn ọpọlọ ìjọba àpapọ̀ ní Yábàá ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ má ra diazepam tàbí bromazepam fún un ní kẹ́míìsì nítorí oorun. Ó ń di bárakú.

Nínú ilé, ẹ máa fún un ní nǹkan méjì kó mú ọ̀kan: "Àmàlà àbí ìrẹsì?" Bó bá ti dáhùn, ẹ gbà á bẹ́ẹ̀. Ẹ má bi í pé "Ṣé ó dá ẹ lójú?" Ìbéèrè yẹn ló gbọ́ fún ọdún mẹ́sàn-án.

Olùbéèrè
Ẹ ṣeun gan-an. Ọkùnrin náà ń fi WhatsApp béèrè àwọn ọmọ lójoojúmọ́. Àbúrò mi sì sọ lánàá pé àárò rẹ̀ ń sọ òun. Ìyá wa ní wọ́n ti fi nǹkan mú un.

Nọ́ọ̀sì Yábàá
Kò sí ẹni tó fi nǹkan mú un. Ọwọ́ kan náà tó ń dá ìyà sílẹ̀ ló ń mú ìyà náà kúrò: lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tó bá wá rẹ́rìn-ín sí i, ara á tù ú ju bó ṣe yẹ lọ. Ìtura yẹn ni àárò ń sọ. Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ jáde láìbá a wí. Fóònù yín ni kí àtẹ̀jíṣẹ́ máa wọlé sí. Ẹ dáhùn lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, lórí àwọn ọmọ nìkan: "Ara wọn yá. Wọ́n lọ sí ilé ìwé." Bó bá pọ́nni, bó bá halẹ̀, ìdáhùn kan náà ni. Ẹ tọ́jú gbogbo ìhàlẹ̀. Bí àbúrò yín bá sọ pé ó wu òun kí òun kú, ọjọ́ yẹn náà ni kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan.

Olùbéèrè
Mo ti pe bàbá àgbà. Èmi nìkan ni n ó lọ ní Sátidé. Ṣé kí n mú ìwé ìbí àwọn ọmọ dání?

Lọ́yà Ìkẹjà
Ẹ̀dà ni kí ẹ mú. Ẹ fi ojúlówó sílẹ̀.