Àbúrò mi fara pa ní ọpọlọ, ta ló yẹ kó dáhùn fọ́ọ̀mù?

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ará, wọ́n fún àbúrò mi ní fọ́ọ̀mù QOLIBRI, èyí tí wọ́n fi ń bi ẹni tó fara pa ní ọpọlọ bí ayé ẹ̀ ṣe rí lójú ẹ̀, ìbéèrè 37 ló wà níbẹ̀, òun ní gbogbo nǹkan dáa, èmi tí mo ń rán an létí oògùn lójoojúmọ́ ò gbà rárá. Tiẹ̀ àbí tèmi ni ká kọ?

Èsì 1: Tiẹ̀ ni o! Bí ayé ẹ̀ ṣe tẹ́ ẹ lọ́rùn sí ni wọ́n ń bi í, kì í ṣe iṣẹ́ tó lè ṣe. Ẹ kọ tiyín sí bébà ọ̀tọ̀.

Èsì 2: Àmọ́ ọpọlọ tó fara pa lè má jẹ́ kéèyàn rí àléébù ara ẹ̀ o. Tó bá ń tètè rẹ̀ ẹ́, QOLIBRI kúkúrú tó ní ìbéèrè 6 péré wà.

Oníbéèrè: Ẹ ṣé. Mo tún bi í lálẹ́ àná, ó ní "mo mọ̀ pé mò ń gbàgbé, kò kàn dùn mí ni."