Ohun tí mo bá nínú ìwé ìjọba àtijọ́ ní láíbìrì Ifẹ̀

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ n sọ ohun tí ojú mi rí nígbà tí mo ń wá ìwé àtijọ́. Iṣẹ́ àṣekágbà mi ní OAU dá lórí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ pámárì tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà ṣe láyé Awólọ́wọ̀, ni mo bá gba Hezekiah Oluwasanmi Library lọ, níbi tí wọ́n ń tọ́jú ìwé ìjọba àtijọ́ sí. Wọn kì í yáni lọ sílé o, ibẹ̀ lẹ máa jókòó kà á, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ lẹ sì máa ṣí i torí etí ẹ̀ ti ń rún bí ewé gbígbẹ.

Tẹ́ ẹ bá kàn dé'bẹ̀ tẹ́ ẹ ní "ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni mò ń wá", ẹ máa jókòó pẹ́. Ilé iṣẹ́ ìjọba tó kọ ìwé náà ni wọ́n fi ń to fáìlì, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tó wà nínú ẹ̀. Màmá kan tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ló là mí lójú, wọ́n ní "ọmọ mi, ta ló mú àbá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ yẹn wá, ọdún wo?" Mo ní Awókòyà, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, 1952. Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbé e jáde, Ọlọ́run á bá mi tọ́jú wọn.

Nílé wa n'Íléṣà, bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́ ni pé Awólọ́wọ̀ kàn jí lọ́jọ́ kan ló ní kí gbogbo ọmọ lọ síléèwé. Rárá o! July 1952 làbá dé iwájú ilé ìgbìmọ̀, January 1955 lọmọ tó wọlé. Láàárín ìgbà yẹn tíṣà ni wọ́n ń kọ́, kíláàsì ni wọ́n ń kọ́, owó ni wọ́n ń wá, wọ́n wá bu owó lé owó orí, inú bí àwọn èèyàn débi pé ẹgbẹ́ òṣèlú NCNC na Action Group, ẹgbẹ́ Awólọ́wọ̀, nílẹ̀ wa níbí nínú ìbò àpapọ̀ 1954, síbẹ̀ wọn ò fi sílẹ̀. Ọmọ pámárì tí ò tó 460,000 lọ́dún 1954 lé ní 800,000 lọ́dún kejì. Èmi gbà pé àwọn tó san owó orí yẹn náà ló ṣe é, kì í ṣe Awólọ́wọ̀ nìkan.

Nígbà tí mo kà á fún bàbá àgbà wa, wọ́n ní àwọn ṣì rántí ọjọ́ tí ìyá àwọn ta aṣọ òkè fi san owó orí yẹn. Ìyẹn ò sí nínú fáìlì kankan. Ẹni tó bá ní rìsíìtì owó orí ìgbà yẹn nílé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má sun ún, ẹ gbé e lọ fún wọn ní láíbìrì.