Ṣokoléètì mi ń sù, èyí tí kò sù ń funfun: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Fẹ́ranmí, Ṣàgámù:

Ẹ kú àárọ̀ o ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin àǹtí mi, ẹ̀yin ọmọ Rẹ́mọ àtẹ̀yin ọmọ alárè gbogbo. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, ó ti sú mi, mi ò sì fẹ́ kójú tì mí lójú àwọn àna mi.

Súìtì kan wà tí mo máa ń ṣe fáwọn ọmọ mi, màá po bọ́tà ẹ̀pà mọ́ áísìn ṣúgà àti bọ́tà díẹ̀, màá ká a róbótó-róbótó, màá gbé e sí fìríìjì kó le, màá wá rì í bọ ṣokoléètì tó ti yọ́. Àbúrò ọkọ mi tí mò ń pè ní Eyínmẹ́nugún jẹ ẹ́ nílé wa nígbà Kérésì, ló bá ní òun ò fẹ́ ife ike tàbí abọ́ ike kankan lọ́jọ́ ìgbéyàwó òun, súìtì yìí lòun fẹ́ fún àwọn àlejò, méjì-méjì nínú náílọ̀n kékeré, igba ẹyọ. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Ìjẹ̀bú-Òde ni ìnáwó ọ̀hún, ẹ sì mọ̀ pé ìnáwó Ìjẹ̀bú kì í ṣe ibi téèyàn ń gbé nǹkan alábùkù lọ.

Mo ní kí n fi díẹ̀ dánwò ní Sátidé. Mo gbé abọ́ ṣokoléètì lé orí omi gbígbóná, ó ń yọ́, ó ń dán, ó ń ṣàn lẹ́nu ṣíbí, mo wá ní kó tètè parí ni mo bá fi ọmọrí dé e. Nígbà tí mo ṣí i tí mo rò ó lẹ́ẹ̀kan, ó dì gírí, ó rí wíńníwínní bí ẹrẹ̀ tó ń gbẹ, kò ṣeé rì nǹkan kan sí mọ́. Mo yọ́ òmíràn, ìyẹn dára, mo rì í, ó gbẹ, mo dúpẹ́. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta ó ti funfun kálẹ̀ bí ẹsẹ̀ ẹni tí kò fi ìpara kan ara nígbà ọyẹ́. Àwọn kan tiẹ̀ la lójú bí ẹyin tó ń sán. Ẹ dákun, kí ni mò ń ṣe tí kò dáa?

Àǹtí Kéèkì, Ìjẹ̀bú-Òde:

Ọmọrí yẹn ni o, àbúrò mi. Ooru omi lọ lẹ̀ mọ́ abẹ́ ọmọrí, ó di omi, ó kán sínú ṣokoléètì, ìkán méjì mẹ́ta péré sì ti tó láti bà á jẹ́. Ṣokoléètì ò fi bẹ́ẹ̀ lómi nínú, ṣúgà àti lẹ́búlẹ́bú kòkó ló wà nínú ọ̀rá, bí omi díẹ̀ bá ti bọ́ sí i báyìí ṣúgà yẹn á fà á mọ́ra, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ra wọn, ohun tó ń mú un sù nìyẹn. Èyí tó bàjẹ́ má dà á nù o, da mílíìkì gbígbóná sí i díẹ̀díẹ̀ kó o máa rò ó, á padà ṣàn, wàá lè dà á sórí kéèkì tàbí kí àwọn ọmọ fi jẹ búrẹ́dì, àmọ́ kò lè gbẹ lára súìtì mọ́.

Nígbà míì nu abọ́ gbẹ, nu ṣíbí gbẹ, nu ọwọ́ ẹ. Jẹ́ kí abọ́ fẹ̀ ju ẹnu ìkòkò lọ kí ooru má baà gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, kí omi ìsàlẹ̀ má sì kan ìdí abọ́. Bí omi bá ti hó, pa gáàsì kó o tó gbé ṣokoléètì lé e, ooru yẹn á yọ́ ọ, kò dìgbà tí iná bá ń jó lábẹ́ ẹ̀.

Ti fífunfun yẹn, ṣokoléètì wo lo lò? Ibẹ̀ ni mo fura sí.

Ìyá Fẹ́ranmí, Ṣàgámù:

Ẹ ṣé gan-an ni àǹtí mi, ọkàn mi ti balẹ̀ díẹ̀. Oríṣi méjì ni mo pò pọ̀ ní tòótọ́. Ṣokoléètì gidi tí mo ní nílé ò tó, ó sì ti wọ́n, mo wá ra compound, ìyẹn èyí tí kì í ṣe gidi, níbi tí wọ́n ti ń ta èròjà kéèkì, mo ṣe é ní ìdajì ìdajì.

Àǹtí Kéèkì, Ìjẹ̀bú-Òde:

Mo mọ̀! Ọ̀rá inú wọn ò jọra. Ṣokoléètì gidi, ọ̀rá kòkó fúnra ẹ̀ ló wà nínú ẹ̀, compound ní tiẹ̀, òróró èkùrọ́ tàbí òróró mìíràn tí wọ́n ti sọ di líle ni wọ́n fi pààrọ̀ ọ̀rá kòkó yẹn. Bó o bá pò wọ́n pọ̀ báyẹn wọn ò ní dì dáadáa, á rọ̀, ọ̀rá á máa yọ jáde wá sójú, òun lo rí tó funfun yẹn. Kì í ṣe èbu, kò lè pa ẹnikẹ́ni, àmọ́ ta ló máa gbé e fún àlejò? Mú ọ̀kan, fi ọ̀kan sílẹ̀.

Ọmọ Olóko Kòkó, Ìjẹ̀bú-Igbó:

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Èmi á ní kẹ́ ẹ mú ṣokoléètì gidi. Bàbá mi dá oko kòkó lọ́nà Ìjẹ̀bú-Igbó níbí títí tí wọ́n fi re ibi àgbà ń rè, àwa ọmọ la máa ń fọ́ pódi, àwa la máa ń sá a, mo mọ òórùn kòkó tó bá jinná nínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó sì máa ń dùn mí tí mo bá jẹ nǹkan tí wọ́n pè ní ṣokoléètì tó jẹ́ pé òróró ló ń lẹ̀ mọ́ mi láàjà ẹnu. Ti gidi máa ń yọ́ lórí ahọ́n fúnra ẹ̀ ni, torí ọ̀rá kòkó kì í dúró bó bá ti kan ooru ara èèyàn, ó tó nǹkan bíi dìgírì 34 ó ti yọ́ tán.

Ọgbọ́n ẹ̀ ò ju pé kẹ́ ẹ ra tẹmọ́mítà. Èyí tó dúdú, ẹ yọ́ ọ dé 45 sí 50, ẹ jẹ́ kó tutù wá sí 27 tàbí 28, ẹ wá gbé e padà sí 31 tàbí 32, ìgbà yẹn lẹ máa rì í. Tó bá jẹ́ èyí tó ní mílíìkì, ẹ má jẹ́ kó kọjá 30 nígbà tẹ́ ẹ bá ń rì í. Ọ̀nà tó rọrùn fún mi ni kí n yọ́ ìdá méjì nínú mẹ́ta, kí n sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kí n wá gé ìdá kan tó kù wẹ́wẹ́ sí i kí n máa rò ó títí á fi tutù. Ẹ ti orí ọ̀bẹ bọ̀ ọ́, bó bá dì láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún tó ń dán, ó ti ṣe. Tẹ́ ẹ bá ṣe é báyìí, tẹ́ ẹ bá ge é jẹ ẹ máa gbọ́ ọ tó ró kàú.

Màmá Bọ́lá, Ìperu:

Ọmọ mi, òótọ́ lo sọ, Ọlọ́run á tẹ́ bàbá ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Ṣùgbọ́n igba ẹyọ lobìnrin yìí fẹ́ ṣe, nínú ilé tí kò sí éèsì, iná sì lè lọ nígbàkigbà, wọ́n á tún kó o lọ sábẹ́ kánópì níbi tí oòrùn á ti mú dé 32 tàbí jù bẹ́ẹ̀. Ibi tí ooru inú yàrá bá ti ju èyí tí ṣokoléètì fẹ́ dì lọ, tẹmọ́mítà wo ló máa gbà á? Ó máa rọ̀ nínú náílọ̀n ni, aṣọ àlejò ló sì máa gbà á, lésì àti aṣọ òkè olówó gọbọi.

Ìyá Fẹ́ranmí, compound ni kó o mú fún ti ìnáwó yìí, kò nílò kéèyàn máa gbé e sókè sọ̀ ọ́ kalẹ̀, yọ́ ọ, rì í, ó ti gbẹ. Ra èyí tó dúdú, torí súìtì yẹn ti dùn jù nínú tẹ́lẹ̀, èyí tó korò díẹ̀ lá jẹ́ kí ẹ̀pà yẹn jáde. Ti gidi, ṣe é fún ìyàwó àti ọkọ ìyàwó lọ́tọ̀, ní ìdájí kí ilẹ̀ tó mọ́, bíi ogún péré, kó wà nínú fìríìjì dè wọ́n.

Tóyìn, Ìkẹ́nnẹ́:

Ẹ̀yin àǹtí, ṣé kò ní dáa tí wọ́n bá po lẹ́búlẹ́bú kòkó mọ́ òróró àgbọn? Mo rí i tí wọ́n ṣe é lórí fídíò, kò wọ́n rárá.

Àǹtí Kéèkì, Ìjẹ̀bú-Òde:

Tóyìn mi, nínú fìríìjì nìyẹn o. Òróró àgbọn ti ń yọ́ ní nǹkan bíi dìgírì 24, bó ṣe ń kúrò nínú fìríìjì lá ti máa ṣàn dà. Ẹ̀kún ṣíbí kékeré kan péré la máa ń fi sínú ṣokoléètì tó bá ki jù, kó lè ṣàn, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìyá Ẹlẹ́pà, Sábó Ṣàgámù:

Ẹ ò tíì bi í léèrè ẹ̀pà o, ṣebí òun gan-an ni oúnjẹ yẹn. Ìyàwó wa, tó o bá lọ̀ ọ́ fúnra ẹ, ṣa ẹ̀pà kó o tó yan án. Jókòó, tẹ́ ẹ sórí àtẹ, èyí tó bá rún jọ, tó pàwọ̀ dà, tó hu èbu, tàbí tó korò lẹ́nu, jù ú nù. Èbu ẹ̀pà yẹn ní májèlé tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, yíyan ò sì lè pa á tán, ẹ má gbọ́ ti ẹni tó bá ní iná á jẹ ẹ́. Yan án lórí iná jẹ́jẹ́, bó èèpo, fẹ́ ẹ, lọ̀ ọ́ nígbà tó ṣì ń lọ́ wọ́ọ́wọ́, á kọ́kọ́ gbẹ bí ìyẹ̀fun, má fomi sí i, má fòróró sí i, máa dúró kí bílẹ́ńdà sinmi kó o tún lọ̀ ọ́, òróró ara ẹ̀ á jáde á wá ki dẹ̀ẹ̀. Iyọ̀ díẹ̀ ṣe pàtàkì.

Tó bá sì jẹ́ èyí tí wọ́n ń tà nínú ìgò ni, tí òróró ti léfòó, rò ó dọ́gba kó o tó wọ̀n ọ́n, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àkọ́kọ́ á rọ̀, ìkẹyìn á gbẹ.

Màmá Bọ́lá, Ìperu:

Ìwọ̀n tèmi rèé: bọ́tà ẹ̀pà gíráámù 250, áísìn ṣúgà tí a sẹ́ gíráámù 200, bọ́tà gíráámù 55. Bó bá rọ̀, fi mílíìkì lẹ́búlẹ́bú sí i, má fi ṣúgà ṣe gbogbo ẹ̀. Ká a ní gíráámù 15-15, wàá rí bíi 33. Sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́fà, igba ẹ á fẹ́rẹ̀ẹ́ pé, mú ọ̀kan sí i fún èyí tó bá fọ́. Compound kìlò kan àbọ̀ sí méjì á tó.

Èyí tó la yẹn, inú fírísà lo gbé e sí, àbí? Bó bá dì bíi yìnyín, tó o wá rì í sí ohun gbígbóná, bí inú ẹ̀ ṣe ń móoru ló ń wú, ó sì ń ti èèpo òde là. Fìríìjì lásán, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, mú un jáde díẹ̀díẹ̀, mẹ́wàá-mẹ́wàá. Tó bá ti ń làágùn, nù ún kó o tó rì í, torí omi lòógùn yẹn náà.

Ìyá Fẹ́ranmí, Ṣàgámù:

Fírísà ni mà, ẹ gbà á. Ẹ ṣeun ẹ ṣeun.

Ọmọ Olóko Kòkó, Ìjẹ̀bú-Igbó:

Mo gbà fún màmá, ooru ò ní gbà. Ẹ jẹ́ n fi kan kún un, ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ Ohio, bí wọ́n ṣe ń ṣe irú súìtì yìí ni pé wọ́n máa ń fi orí ẹ̀ sílẹ̀ láìrì, kó lè jọ èso igi kan tí wọ́n ń pè ní buckeye, bọ́tà ẹ̀pà á máa yọjú lókè bí ojú. Wọ́n á fi igi ìtayín gún un, wọ́n á rì í dé ọrùn, wọ́n á gbọ̀n ọ́n, wọ́n á gbé e sórí bébà, wọ́n á fi ìka pa ojú ihò yẹn dé. Ṣokoléètì tẹ́ ẹ máa lò á dín kù gan-an, iṣẹ́ á sì yá.

Tóyìn, Ìkẹ́nnẹ́:

Èmi máa ń lọ gààrí Ìjẹ̀bú tó gbẹ ṣáká, màá sẹ́ ẹ, màá wá fi ṣíbí méjì sínú bọ́tà ẹ̀pà yẹn. Á máa ró wùrù lẹ́nu, kíkan ẹ̀ á sì pa dídùn yẹn díẹ̀. Gààrí àti ẹ̀pà, ta ni ò mọ̀ pé wọ́n bára mu?

Nọ́ọ̀sì kan, Ìlíṣàn:

Ẹ má gbàgbé èyí o, ẹ jọ̀ọ́. Àwọn kan wà tí ara wọn ò gba ẹ̀pà rárá, ẹyọ kan péré lè mú kí ètè àti ọ̀fun wọn wú, kí mímí di ìṣòro, kó di pé a ń gbé wọn sáré lọ sílé ìwòsàn. Ṣokoléètì ti bo ẹ̀pà yẹn mọ́lẹ̀, ẹni tó gbà á lẹ́nu ọ̀nà ò lè mọ̀. Ẹ kọ ọ́ sára náílọ̀n kọ̀ọ̀kan gàdàgbà pé ẸPÀ WÀ NÍNÚ Ẹ̀, kẹ́ ẹ sì sọ fún àwọn tó máa pín in kí wọ́n má fún ọmọdé láìbi ìyá ẹ̀.

Ìyá Fẹ́ranmí, Ṣàgámù:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ní kí n padà wá jábọ̀. Mo tún un dán wò lánàá, compound dúdú nìkan, mo pa gáàsì kí n tó gbé e lé omi, kò sí ọmọrí, mo so aṣọ gbígbẹ mọ́ ìbàdí mi tí mo fi ń nu ṣíbí. Ó yọ́ bí òróró. Mo fi igi ìtayín rì í bí ẹ ṣe wí, mo fojú ẹ̀ sílẹ̀ lókè, ogójì ni mo ṣe, ẹyọ kan ò là. Ìdajì ni mo fi gààrí sí, Fẹ́ranmí ò jẹ́ kí n rí ìyẹn gbé sí ibi kankan. Mo kó mẹ́wàá sí fàráńdà láti aago méjìlá dé aago mẹ́ta ọ̀sán, wọ́n rọ̀ díẹ̀ àmọ́ wọn ò lẹ̀ mọ́ náílọ̀n. Eyínmẹ́nugún jẹ ẹ́ ó dì mọ́ mi lọ́rùn. Ti ìkọ̀wé ẹ̀pà, ó ti ń bá wa tẹ̀ ẹ́.

Ó ku ọ̀kan: báwo ni n ó ṣe gbé igba dé Ìjẹ̀bú-Òde láìjẹ́ kó fọ́ kó má sì yọ́?

Màmá Bọ́lá, Ìperu:

Mo yọ̀ fún ẹ. Ṣe é nígbà tó bá ku ọjọ́ mẹ́ta, kó o kó o sínú ike tó ní ìdérí, fi bébà sáàárín ipele kọ̀ọ̀kan, gbé e sí fìríìjì. Lọ́jọ́ náà, kúlà ni, yìnyín inú náílọ̀n ní ìsàlẹ̀, aṣọ ìnura nípọn lé e, kí ike súìtì wá jókòó lórí aṣọ yẹn, kí omi yìnyín má kàn án. Ẹ kúrò nílé kí oòrùn tó là. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ má ṣí ike yẹn kíákíá, ẹ jẹ́ kó gba afẹ́fẹ́ ilé bíi wákàtí kan pẹ̀lú ìdérí lórí, kí omi má baà sẹ̀ sára súìtì, ẹ wá dì í sínú náílọ̀n lẹ́yìn ìyẹn. Kó o sì bá mi fi méjì pamọ́, mo máa wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà.