Kí a má sọ àmì ìlera di àrùn: orúkọ fún ìyàtọ̀ àlàfo lílù ọkàn

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín láti Abẹ́òkúta. Nínú ìjíròrò wa lórí orúkọ Yorùbá fún ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ìlera, ẹ̀gbọ́n wa kan dá a lábàá pé kí a máa pe ìyípadà tó ń bá àlàfo tó wà láàárín lílù ọkàn kan sí èkejì ní "ségesège ọkàn". Ó dùn létí, ó sì rọrùn láti há sórí, ṣùgbọ́n n kò lè fara mọ́ ọn, nítorí pé ó sọ ohun tó jẹ́ àmì ìlera di àrùn.

Mo bi ìyá mi àgbà, tí wọ́n ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, pé bí wọ́n bá gbọ́ pé ọkàn ọmọdé kan ń lù ní ségesège, kí ni yóò wá sí wọn lọ́kàn. Wọ́n ní, "Ara ọmọ náà ò yá nìyẹn, kí wọ́n tètè gbé e lọ sílé ìwòsàn." Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún 11, jókòó tì wọ́n. Mo gbé ìka mẹ́ta lé e lọ́rùn ọwọ́, mo ní kó rọra fa èémí sínú, kó sì rọra tú u jáde. Bí èémí ti ń wọlé ni lílù náà ń yára, bí ó ti ń jáde ni ó ń falẹ̀, láìsí àìsàn kankan lára ọmọ. Nígbà tó kan ọwọ́ ìyá àgbà, agbára káká ni mo fi mọ ìyàtọ̀ kankan, nítorí pé bí ọjọ́ orí ti ń pọ̀ sí i ni ìyàtọ̀ yìí ń dín kù.

Ibi kan wà nínú ọkàn tó ń dá lílù sílẹ̀ fúnra rẹ̀, bí a bá sì fi í sílẹ̀ láìsí olùdarí, yóò máa lù tó nǹkan bí ìgbà 100 ní ìṣẹ́jú kan. Iṣan kan tó ti ìsàlẹ̀ ọpọlọ gba ọrùn wá ni ó ń kó o níjàánu tí ó fi wà láàárín 60 sí 80 bí a bá jókòó jẹ́ẹ́. Láti 1845 ni àwọn ọmọ ìyá méjì tí ń jẹ́ Weber ní Jámánì ti fi hàn pé bí a bá ta iṣan yìí jí, ọkàn yóò falẹ̀, àní yóò dúró. Ọkàn tí a mú lára ẹlòmíràn fi sí ènìyàn láyà, tí wọ́n sì ti gé iṣan rẹ̀, máa ń sáré, àlàfo rẹ̀ sì máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba délẹ̀. Bí a bá tẹ̀lé àbá ẹ̀gbọ́n wa, ọkàn tí kò gbọ́ àṣẹ mọ́ yìí ni yóò di èyí tó tọ́! Ẹ jẹ́ kí a fi "ségesège" sílẹ̀ fún àrùn tí ọkàn fi ń lù rúdurùdu, kí a sì pe tiwa ní "ìyàtọ̀ àlàfo lílù ọkàn". N kò fẹ́ kí a pè é ní "ìlùkìkì" náà, nítorí ẹni tí ẹ̀rù ń bà ni ọkàn rẹ̀ ń lù kìkì.

Ọ̀rọ̀ "iṣan" náà nílò ìtọ́jú, nítorí a ń lò ó fún ọ̀nà ẹ̀jẹ̀, fún okùn tó so ẹran mọ́ egungun, àti fún èyí tí à ń sọ yìí. "Iṣan ìmọ̀lára" kò tó, nítorí kì í ṣe ìmọ̀lára nìkan ni ó ń gbé, ó ń gbé àṣẹ pẹ̀lú. "Iṣan ajíṣẹ́" ni mo dábàá: èyí tó ń fa ọkàn sẹ́yìn yóò jẹ́ "iṣan ìjánu", èyí tó ń lé ọkàn sáré yóò jẹ́ "iṣan kẹ́sẹ́".

Ọ̀rọ̀ àwọn ìgbì ló kù, ìyẹn bí àlàfo lílù ọkàn ti ń gùn, tó sì tún ń kúrú, léraléra. Ìlànà tí àwọn onímọ̀ ọkàn Yúróòpù àti Àríwá Amẹ́ríkà gbé jáde ní 1996 ya ìyàtọ̀ yìí sí ìgbì ayára, tó ń wáyé lẹ́ẹ̀kan láàárín ìṣẹ́jú-àáyá méjì ààbọ̀ sí nǹkan bí méje, àti ìgbì tó lọ́ra jù ú lọ, tó lè gbà tó ìṣẹ́jú-àáyá 25. Ti àkọ́kọ́ ń bá èémí rìn, iṣan ìjánu ló sì ni ín. Ẹnìkan ti ń pe èkejì ní "ìgbì kẹ́sẹ́", ṣùgbọ́n iṣan méjèèjì ló lọ́wọ́ sí i, àti ìṣọ́ tí ara ń ṣọ́ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀. "Ìgbì alọ́ra" ni kí a pè é, kí orúkọ náà sọ bí ó ti ń rìn, kó má sọ ẹni tó ń tì í.