Owó ti lọ, géèmù ò tíì pé: ẹ wá sọ ohun tójú yín rí

Oní-sẹ́ńtà, Iléṣà

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ní sẹ́ńtà géèmù kékeré kan níbí ní Iléṣà, tí àwọn ọmọ àdúgbò àti àwọn ọmọ Yunifásítì Iléṣà máa ń kóra jọ sí lálaalẹ́. Ọ̀rọ̀ àwọn géèmù olówó ńlá tó ń jáde láyé ìsinsìnyí ń dùn mí, mo sì fẹ́ kí oníkálukú wá sọ tirẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín tẹ̀ ni kẹ́ ẹ sọ o.

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ látorí owó. Kí PS5, ẹ̀rọ géèmù Sony, tó dé lóṣù kọkànlá ọdún 2020, dọ́là 60 ni wọ́n ń ta géèmù ńlá tuntun. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń gbé e sí 70. Nígbà tí dọ́là kan ṣì wà ní nǹkan bíi ₦460, ó ń lọ sí bíi ₦32,000. Náírà wá já wálẹ̀ lóṣù kẹfà ọdún 2023, nígbà tí dọ́là sì gun orí nǹkan bíi ₦1,500, géèmù kan ṣoṣo di ₦105,000. Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí lọ́dún 2024, ₦70,000 ni. Ẹni tó ń gbà á á ṣiṣẹ́ oṣù kan gbáko, kò ní jẹun, kò ní wọkọ̀, owó géèmù kan ò sì ní pé lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹni tó bá gba irú owó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ èèyàn, ó yẹ kó kó ọjà tó pé fún un.

Mo ra ọ̀kan láìpẹ́ yìí. Mi ò ní dárúkọ ẹ̀, torí mi ò bá ilé iṣẹ́ kankan jà. Àwọn kọsítọ́mà ti ń retí ẹ̀. Ọjọ́ tó dé, a ki sídì bọnú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ ní àfi ká kọ́kọ́ fa àtúnṣe wálẹ̀ látorí íntánẹ́ẹ̀tì, àtúnṣe náà sì tóbi débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara mi pé kí ló wá wà lórí sídì tá a rà. Iná ò sí. Jẹnẹrétọ̀ ń mu epo, dátà ń lọ, àwọn ọmọ jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ń wo ìlà kan tí kò fẹ́ rìn. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ló mọ́ kó tó parí. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi í ṣeré, ẹnu àwọn èèyàn inú ẹ̀ ò bá ọ̀rọ̀ wọn mu, ọkùnrin kan ń rìn gba inú ògiri kọjá, gbogbo ẹ̀ wá dákú mọ́ wọn lọ́wọ́. Mo dá owó wọn padà fún wọn. Kò sẹ́ni tó dá tèmi padà.

Ìjẹ̀ṣà ni mí, mo mọ òwò àwìn. Àwọn bàbá wa tó ṣe òṣómàáló, aṣọ ni wọ́n kọ́kọ́ ń kó fún oníbàárà. Á rán an, á wọ̀ ọ́ lọ òde, kí bàbá tó wá lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀ pé òun ò ní kúrò níbẹ̀ àfi tóun bá gbowó. Àwọn onígéèmù yìí ti dà á rú. Wọ́n á gbowó ṣáájú, nígbà mìíràn kí géèmù tó jáde rárá, aṣọ ni wọ́n á wá máa gé wá ní díẹ̀díẹ̀. Àwa tá a ti sanwó la wá lóṣòó.

Àwọn tó wà níbi tí iná kì í lọ pàápàá ò bọ́ nínú ẹ̀. Ọjọ́ 10 oṣù kejìlá ọdún 2020 ni géèmù Cyberpunk 2077 jáde látọ̀dọ̀ CD Projekt Red ti ilẹ̀ Poland. Lórí PS4, ó burú débi pé kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí Sony fi yọ ọ́ kúrò nínú ìsọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì wọn, wọ́n sì ń dá owó padà. Oṣù kẹfà ọdún 2021 ló tó padà síbẹ̀. Lọ́dún 2021 yẹn kan náà, Konami pa orúkọ géèmù bọ́ọ̀lù wọn, PES, tì, PES tí ọ̀pọ̀ sẹ́ńtà fi jẹun! Wọ́n gbé eFootball jáde dípò ẹ̀, ojú àwọn agbábọ́ọ̀lù inú ẹ̀ wọ́ débi pé àwọn èèyàn ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, ilé iṣẹ́ náà sì ní láti tọrọ àforíjì. Kò pé oṣù méjì, Rockstar tó ni GTA náà ń tọrọ àforíjì lórí GTA San Andreas àtàwọn GTA àtijọ́ méjì mìíràn tí wọ́n tún ṣe. San Andreas o, tó ti wà láti ọdún 2004, tí kò sọ́mọ tó dàgbà ní àdúgbò yìí tí kò mọ CJ, akọni inú ẹ̀.

Concord, géèmù ìbọn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti Sony, ní àrùn tirẹ̀. Kò bàjẹ́ rárá, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ọjọ́ 23 oṣù kẹjọ ọdún 2024 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní dọ́là 40, nígbà tó di ọjọ́ 6 oṣù kẹsàn-án wọ́n ti pa á, wọ́n dá owó gbogbo èèyàn padà. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni wọ́n kéde pé àwọn ń ti ilé iṣẹ́ Firewalk tó ṣe é pa. Àwọn èèyàn ò kàn rí ìdí tí wọ́n á fi kúrò nídìí irú ẹ̀ mìíràn tí wọ́n ń fi ṣeré lọ́fẹ̀ẹ́.

Lójú tèmi, ẹni tó ń san owó wákàtí ló mọ géèmù wò jù. Kò ní wákàtí mẹ́wàá tó máa fi dúró kó tó dùn. Starfield tó jáde lọ́dún 2023 ní pílánẹ́ẹ̀tì tó lé ní 1,000, ṣùgbọ́n ẹni tó san owó wákàtí kan lè fi púpọ̀ nínú ẹ̀ rìn lórí ilẹ̀ tí kò sí ohunkóhun. Mo gbà pé ọ̀nà yìí lè ṣàìdáa sí géèmù tó ń rọra rìn. Mo fẹ́ràn Red Dead Redemption 2 gan-an, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ sanwó fún gbogbo ìrìn inú yìnyín ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ yẹn.

Ẹ wá wo ohun tí Elden Ring ṣe. FromSoftware ti ilẹ̀ Japan ló ṣe é, ó jáde lóṣù kejì ọdún 2022. Ó le, ó le burúkú, àwọn èèyàn sì ń tò láti san owó ẹ̀. Ṣé ẹ mọ Margit, ọ̀tá inú ẹ̀, baba oníwo tó dúró sọ́nà ààfin Stormveil? Ohun tó jẹ́ kó burú ni pé á gbé ọ̀pá sókè, ìwọ á yẹra, kò tíì ní í ṣá a. Á dúró díẹ̀. Ìgbà tó o bá ti yẹra tán ló máa tó balẹ̀ sórí ẹ. Ní sẹ́ńtà mi, gbogbo ilé ló ń bá a jà. Ẹni kan mú páàdì tá a fi ń darí géèmù, àwọn yòókù ń pariwo pé “Dúró! Má tíì yẹra! Ó yá!” Bó bá ti kú, wọ́n á gba páàdì lọ́wọ́ ẹ̀. Ọmọ kan tí kì í sọ̀rọ̀ ló wá bi mí lálẹ́ ọjọ́ kan pé, “Bọ̀dá, ṣé dandan ni ká kọ́kọ́ bá baba yìí jà?” Ó ti rí i pé a lè fi í sílẹ̀, ká forí lé ìsàlẹ̀ àwòrán ilẹ̀ náà, ká lọ lágbára wá. Géèmù ò sọ fún un. Òun ló fi ojú ara ẹ̀ wá a, àwọn yòókù sì gbé e sókè. Irú ayọ̀ yẹn ni mò ń wá nígbà tí mo bá kó owó sílẹ̀, mi ò sì rí i nínú géèmù tó kó àmì sójú àwòrán ilẹ̀ látòkè délẹ̀ pé wá síbí, lọ sọ́hùn-ún.

Ó ku ẹyọ kan tó ń bí mi nínú. Páàdì méjì lórí tẹlifíṣọ̀n kan ti ń di ohun àwátì. Halo tí gbogbo ayé mọ̀ sí i, wọ́n ṣèlérí pé ẹni méjì á lè jọ ta ìtàn Halo Infinite lórí tẹlifíṣọ̀n kan, wọ́n sì fagi lé e lóṣù kẹsàn-án ọdún 2022. Wọ́n ti gbà pé ọ̀rẹ́ ẹ wà nílé tiẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rọ tiẹ̀ àti íntánẹ́ẹ̀tì tiẹ̀. Ilé iṣẹ́ Hazelight ti ilẹ̀ Sweden nìkan ni mo rí tó dúró ti wa. It Takes Two gba àmì ẹ̀yẹ géèmù ọdún 2021, ẹnì kan ò lè dá a ta. Split Fiction tẹ̀ lé e lóṣù kẹta ọdún 2025. Owó tí méjèèjì ti mú wọlé fún mi, Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n.

Ó kàn yín o.


Ọmọ OAU, Ifẹ̀

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kúuṣẹ́. Ọ̀rọ̀ páàdì méjì yẹn wọ̀ mí lára.

Kọ̀ǹpútà alágbèéká ni mo fi ń ta tèmi níbí. Mo ra géèmù kan tí wọ́n gbé wá sórí kọ̀ǹpútà láti orí kọ̀ǹsólù, ìyẹn ẹ̀rọ géèmù bíi PS5, mi ò ní dárúkọ tèmi náà. Mo ṣọ́ òru kí n tó fà á wálẹ̀ tán, torí dátà òru ló rọ̀ wá lọ́rùn. Mo ṣí i, ó ní kí n dúró kóun to shader, ìyẹn iṣẹ́ tó máa ń ṣe kí àwòrán má baà máa gán. Mo dúró títí, kọ̀ǹpútà gbóná débi pé mi ò lè gbé e sórí itan mọ́. Bẹ́ẹ̀, Steam, ìsọ̀ tá a ti ń ra géèmù kọ̀ǹpútà, máa ń dá owó padà tó o bá dá a padà láàárín ọjọ́ 14, tó ò sì tíì lo wákàtí méjì nínú ẹ̀. Àmọ́ inú géèmù ni shader yẹn ti ń tò, aago ń kà á mọ́ mi lọ́rùn! Díẹ̀ ló kù nínú wákàtí méjì náà kí n tó fẹsẹ̀ kan gbé nínú géèmù.

Ẹ ò tíì mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ orílẹ̀-èdè, ẹ̀gbọ́n. Oṣù kejì ọdún 2024 ni Helldivers 2 jáde, ayé gbà á. Nígbà tó di oṣù karùn-ún, Sony ní gbogbo ẹni tó ń fi í ṣeré lórí Steam gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ ní PlayStation Network, ìkànnì tiwọn. Nàìjíríà ò sí lára àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ń ṣí i. Wọ́n dá títà ẹ̀ dúró ní orílẹ̀-èdè tó lé ní 170. Àwọn tó ń fi í ṣeré fárígá, wọ́n sì yí ìpinnu náà padà láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ẹ rí i bó ṣe jẹ́? Àwa tá a wà níbí ti máa ń dọ́gbọ́n bí ọmọ Amẹ́ríkà tàbí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kí wọ́n tó ta ọjà fún wa, bẹ́ẹ̀ owó wa ò ní àbùkù.

Ibì kan wà tí mo ti fẹ́ bá yín jiyàn, ẹ forí jì mí. Cyberpunk tó wà níta báyìí kì í ṣe ti 2020 mọ́. Látìgbà tí àtúnṣe 2.0 ti dé lóṣù kẹsàn-án ọdún 2023, mi ò tíì rí ìlú inú géèmù tó tó o: àwọn ọjà alẹ́ ẹ̀, ariwo ẹ̀, bí òjò ṣe ń rọ̀ sórí títì. Ẹni tó bá rí i ní ẹ̀dínwó, kó rà á. Mo gbà pẹ̀lú yín pé ọdún mẹ́ta tó gbà wọ́n yẹn ò dáa, àmọ́ mi ò lè pè é ní géèmù burúkú.

Ẹ sì gbìyànjú Clair Obscur: Expedition 33. Ilé iṣẹ́ kékeré kan ní Montpellier, ilẹ̀ Faransé, ló ṣe é, àwọn bíi ọgbọ̀n ló wà nídìí ẹ̀ gan-an. Dọ́là 50 ni wọ́n tà á lóṣù kẹrin ọdún 2025, ó sì gba àmì ẹ̀yẹ géèmù ọdún náà mọ́ àwọn tó ná owó rẹpẹtẹ lọ́wọ́. Bí ọ̀tá bá fẹ́ gbá ẹ, o gbọ́dọ̀ tẹ bọ́tìnnì lásìkò gan-an kó o tó bọ́, torí náà kódà nígbà tó kan ọ̀tá láti jà, ọwọ́ ẹ ò dilẹ̀. Ìtàn ẹ̀ pa mí lẹ́kún. Àwọn tá a jọ ń gbé yàrá rò pé wọ́n pè mí látilé ni.


Ìyá Ìbejì, Lágere

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Èmi ò mọ Margit. Àwọn ọmọ mi ló mọ̀ ọ́n.

Èyí tó kàn mí ni géèmù bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń ta nílé. Mo rò pé bí mo bá ti ra géèmù, mo ti ra á nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Káàdì ìfowópamọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Àwọn ọmọ ní àpótí inú géèmù làwọn ń rà, pé agbábọ́ọ̀lù wà nínú ẹ̀. Mo ní ta ni? Wọ́n ní àwọn ò mọ̀, pé ó dìgbà táwọn bá ṣí i. Ẹ̀yin èèyàn, kí là ń pe ohun tí o sanwó fún láìmọ ohun tí o máa rí gbà? Ilẹ̀ Belgium ti sọ láti ọdún 2018 pé irú àwọn àpótí yẹn lòdì sí òfin tẹ́tẹ́ wọn. Kí àwọn tiwa náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlá kò gbọ́dọ̀ máa ta tẹ́tẹ́ ní pálọ̀ mi, lójú mi kòrókòró, lẹ́yìn tí mo ti sanwó ọjà náà lẹ́ẹ̀kan.


Oní-sẹ́ńtà, Iléṣà

Ẹ ṣé gan-an ni, Mọ́mì. Ní sẹ́ńtà mi, mi ò so káàdì kankan mọ́ ẹ̀rọ. Ẹ yọ tiyín kúrò lálẹ́ òní, kẹ́ ẹ sì fi nọ́ńbà ìdáàbòbò sí i kí wọ́n má lè dá nǹkan rà. Ibi tí wọ́n ti ń ṣe é wà nínú ètò ẹ̀rọ náà, níbi tí wọ́n kọ Parental Controls sí.

Àbúrò, mo gbọ́ tìẹ lórí Cyberpunk. Màá wá a ní ẹ̀dínwó.

Àwọn ọmọ ti ń bi mí léèrè GTA VI, GTA tuntun tí Rockstar ń ṣe. Wọ́n ti sún un láti 2025 sí oṣù karùn-ún ọdún 2026, wọ́n tún wá sún un sí ọjọ́ 19 oṣù kọkànlá. Inú mi ò bà jẹ́ sí i, kí wọ́n ṣe é kó pé. Àwọn kan fẹ́ máa san owó sílẹ̀ lọ́wọ́ mi báyìí kí wọ́n lè kọ́kọ́ jókòó sídìí ẹ̀, mo ní rárá, mi ò ní gbowó ọjà tí kò tíì dé lọ́wọ́ ọmọ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i gbà nínú yín, ẹ bá mi yọ íntánẹ́ẹ̀tì kúrò lára ẹ̀rọ kẹ́ ẹ tó ṣí i, kẹ́ ẹ wá sọ fún wa níbí bóyá ó wọlé, àti ibi tó lè bá èèyàn dé.