Àlọ́ fún àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ní Kábà: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọ̀kun o, ẹ̀yin ará ilé. Láràárọ̀ Sátidé ni mo máa ń kó ọmọ àdúgbò jọ, mo ń kàwé fún wọn, mo sì ń pàlọ́. Ọmọ méje la fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti di mọ́kàndínlógún báyìí, látorí ọmọ oṣù mẹ́jọ títí dé ọmọ ọdún márùn-ún.

Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Bí mo bá ní “Ààlọ́ o!”, àwọn tó dàgbà díẹ̀ á dáhùn “Ààlọ̀!”, wọ́n á jókòó jẹ́ẹ́. Kí Ìjàpá tó dọ́jà, ọmọ ọdún méjì kan ti wà lábẹ́ tábìlì, òmíràn ń jẹ etí ìwé (ìwé tí mo fowó ara mi rà o!). Ní ti àwọn ìkókó, orin àti àtẹ́wọ́ nìkan ni wọ́n mọ̀. Ìṣẹ́jú 15 ti pọ̀ jù fún wọn.

Àwọn ilé ìkàwé ńlá a máa pín wọn bí ọjọ́ orí wọn ṣe rí. Èmi nìkan rèé, yàrá kan ni mo ní. Ṣé kí n pín wọn sí wákàtí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, àbí kí ìyá kọ̀ọ̀kan jókòó ti ọmọ rẹ̀? Ṣé Owé, ẹ̀ka èdè Yorùbá tí a ń sọ ní Kábà níbí, ni kí n máa fi pàlọ́, àbí Yorùbá inú ìwé? Ẹ̀yin olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn kí Sátidé tó dé.